Èdè Wo Ni Ká Fi Kọ Ọ́? Ìgbésí Ayé Grace Hopper

Tí àwa ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà èdè, ohùn, fáwẹ̀lì, gbólóhùn àti ẹ̀ka-èdè ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní èdè tiwọn: Python, Java, C, JavaScript, àti àwọn mìíràn tí wọn ò lóǹkà. Lọ́dún yìí tí iṣẹ́ àṣekágbá kan èmi náà, ó di dandan kí n yan ọ̀kan nínú wọn, nítorí àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Òmùò-Èkìtì ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣí lórí fóònù, kì í ṣe ìwé tí a óò tò sórí pẹpẹ kí eruku bò ó. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń gbè sẹ́yìn èdè tirẹ̀ bí ẹni ń gbè sẹ́yìn Arsenal tàbí Chelsea. Ohun tó là mí lójú jù ni ìtàn obìnrin kan tó ti kú láti ọdún 1992, kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Grace Hopper ni orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ nípa èdè mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1906. Grace Brewster Murray ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ni ti aago. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó tú aago ìtanijí kan palẹ̀ láti mọ ohun tó ń mú un dún. Kò lè tò ó padà, ló bá tún tú òmíràn láti fi wo ti àkọ́kọ́, títí ìyá rẹ̀ fi rí i pé aago méje ló ti di wúruwùru nílẹ̀. Ìyá náà kò lù ú. Ó kàn ní kó fi mọ sórí ọ̀kan ṣoṣo. Kò dá mi lójú pé bí ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe parí nílé tiwa nìyẹn.

Ó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar ní 1928, ó sì kọjá sí Yunifásítì Yale, níbi tó ti gba oyè kejì ní 1930 àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní 1934. Ní 1930 náà ló fẹ́ Vincent Foster Hopper. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1945, wọn ò bímọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ náà ló jẹ́ títí ó fi kú.

Láti 1931 ló ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Vassar, ohun kan tó sì ṣe níbẹ̀ wù mí gan-an. Ó máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n kọ́, bí wọ́n bá sì ti ṣe kọ ọ́ sí ló ń fún wọn ní máàkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn pé ìṣirò làwọn wá kọ́, kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tirẹ̀, ìṣirò tí ènìyàn kò lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn kò tíì wúlò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo rò pé gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ti wá.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un kúrò ní kíláàsì. Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor ní 1941, ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ara rẹ̀ fúyẹ́ jù, torí ìwọ̀n rẹ̀ fi pọ́n-ùn 15 dín sí èyí tí òfin là sílẹ̀. Wọ́n tún ní olùkọ́ ìṣirò wúlò fún ìjọba níbi tó wà. Kò gbà. Ó wá àṣẹ àkànṣe, wọ́n sì gbà á wọlé ní oṣù Kejìlá 1943. Nígbà tí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ tán, òun ló ṣe ipò kìíní. Ní oṣù Keje 1944 wọ́n rán an lọ sí Yunifásítì Harvard, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le koko bí ojú ẹja, Howard Aiken, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ oníṣirò tí wọ́n ń pè ní Mark I.

Mark I gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ihò tí wọ́n lu sára tẹ́ẹ̀pù onípépà ló fi ń gba àṣẹ. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí gbólóhùn, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Hopper wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ètò fún un, òun náà ló sì kọ ìwé ìtọ́ni rẹ̀, tó lé ní 500 ojú ewé, tó jáde ní 1946.

Níbẹ̀ ló ti rí ìyà tó ń jẹ àwọn tó ń fi nọ́ńbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọ apá kan tó ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn yòókù á dà á kọ láti inú ìwé rẹ̀ sínú tiwọn. Ọmọ aráyé kì í sì í da nǹkan gígùn kọ láìṣì í. Nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àyè tí nǹkan wà gbọ́dọ̀ yí padà bí apá náà bá ti bọ́ sínú ètò mìíràn, wọ́n á tún ṣì ìyẹn náà rò. Ẹ̀rọ tó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ wà níwájú wọn, àwọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò fún un.

(Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn àfòpiná tí wọ́n bá nínú Mark II ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1947, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Hopper fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Kì í ṣe òun ló rí kòkòrò náà, àwọn ẹlẹ́rọ sì ti ń pe àṣìṣe ẹ̀rọ ní kòkòrò tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.)

Ní 1949 ó fi Harvard sílẹ̀, ó lọ sí iléeṣẹ́ Eckert àti Mauchly ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe UNIVAC, ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ Remington Rand rà wọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi di 1952, Hopper ti parí ohun kan tó pè ní A-0. Ó kó àwọn apá ètò tó ti dánilójú jọ sórí tẹ́ẹ̀pù, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì ìpè, ó wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa wá wọn, kó máa tò wọ́n, kó sì máa yí nọ́ńbà wọn padà. Compiler ló pè é. Lónìí, ògbufọ̀ ni à ń pe compiler sí: ó ń gba ohun tí ènìyàn kọ, ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbọ́. Ká sọ tòótọ́, A-0 kò tíì tó ògbufọ̀. Ó dà bí télọ̀ tó ń rán àgékù aṣọ pọ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà ti là. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, torí wọ́n gbà pé ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò lè kọ ètò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fẹ́ yan èdè nìyí. Àmì ìṣirò ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fẹ́, torí ohun tí wọ́n ti ń kọ láti ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ní 1957 IBM gbé FORTRAN jáde, iṣẹ́ John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn ni Hopper ń bá pàdé: àwọn tó ń ṣírò owó oṣù, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, àwọn tó ń ka ẹrù inú àká. Bí ẹ bá gbé x àti y síwájú irú wọn, ojú wọn á ṣú. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọn. Hopper bá dábàá pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èsì tó rí gbà ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Kìíní 1955, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé àfihàn kékeré kan lọ bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ láti fi tọrọ owó. Wọ́n fi ètò kan náà hàn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi hàn ní Faransé, wọ́n tún fi hàn ní èdè Jámánì. Lójú Hopper kò sí ìyàtọ̀ kankan: ọ̀rọ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ wọlé, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ọ̀gá náà ta kìjí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe máa gbọ́ Faransé? Ó pẹ́ kó tó lè tù wọ́n lójú, ó sì ní láti ṣèlérí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan lòun máa lò.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka èyí. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kò sí okùn tó so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tó ń tọ́ka sí. Saussure ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ulé ni a ń pe ilé ní Èkìtì, ilé náà ò torí ẹ̀ wó. Àwọn ọ̀gá yẹn rò pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè kankan rárá; ó kàn mọ̀ pé bí lẹ́tà báyìí báyìí bá ti tò tẹ̀ léra, iṣẹ́ báyìí ló yẹ kí òun ṣe. Lónìí èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Yorlang, tó jẹ́ pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò bínú.

FLOW-MATIC ni orúkọ èdè tó ti inú iṣẹ́ náà jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé UNIVAC nìkan ló ń lò ó. Nígbà náà, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, ẹni tó bá sì pààrọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mary Hawes, tó ń ṣiṣẹ́ ní Burroughs, ló kọ́kọ́ ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá wá èdè kan tí gbogbo wọn lè jọ lò fún iṣẹ́ okòwò. Wọ́n pàdé ní Yunifásítì Pennsylvania ní oṣù Kẹrin 1959, Hopper wà níbẹ̀, wọ́n sì tún pàdé ní Pentagon ní oṣù Karùn-ún, torí iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ní kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi tí wọn ò gbọ́ ara wọn. Ìgbìmọ̀ kan ló ṣe COBOL. Jean Sammet wà lára wọn. Ìmọ̀ràn ni Hopper ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n FLOW-MATIC ni wọ́n mú òpó ilé náà láti ara rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní ìyá COBOL ti sọ ọ́ di ńlá jù díẹ̀. Ìyá àgbà COBOL ló bá a mu.

Ní ọjọ́ 6 àti 7 oṣù Kejìlá 1960, ètò COBOL kan náà, pẹ̀lú àtúnṣe bíńtín, ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà RCA, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ti Remington Rand. Ó lè má jọ nǹkan kan lójú àwa tí à ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Nígbà yẹn, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí fún irú èdè bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1963, IBM dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà sì ti dé àdúgbò wa nìyẹn.

Kí ló wá mú kí èdè kan yẹ fún owó ju òmíràn lọ? Ẹ ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 fún yín. 0.30000000000000004 ni yóò gbé jáde. Kì í ṣe pé ó ya òmùgọ̀: méjì méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ṣeé kọ ní pípé bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe ṣeé kọ ní pípé nínú ìkà mẹ́wàá mẹ́wàá tiwa. Ẹni tó ń wọn bí irin ṣe gbóná kò ní bìkítà. Ẹni tó ń ka kọ́bọ̀ inú àkáǹtì àìmọye ènìyàn, ìjọ̀gbọ̀n ni. COBOL mọ bí a ti ń ka kọ́bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń ka kọ́bọ̀ ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. (Python náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó lè béèrè.)

Kò yẹ kí n fi ojú olùfẹ́ nìkan wo Hopper. COBOL gùn, ó ń sọ̀rọ̀ jù; ohun tí FORTRAN á sọ ní ìlà kan, ó lè gbà á ní mẹ́ta. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, bú u gidigidi ní 1975, ó ní ńṣe ló ń ba ọpọlọ àwọn tó ń lò ó jẹ́. Èrò pé ọ̀gá iléeṣẹ́ á máa jókòó ka ètò nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ohun tó le nínú ètò kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìrònú ibẹ̀ ni. Níbi tó ti jàre ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀: ta ló máa ka nǹkan yìí lẹ́yìn mi?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé ka iwájú iṣẹ́ tèmi. Lẹ́tà ẹ́, tí a ń rí bí ẹyọ kan, kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ló ní àyè. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn lé e lórí. Swift tí Apple ṣe á kà á sí ẹyọ kan. Python á kà á sí méjì. C tó ń ka báìtì á sọ pé márùn-ún ni. Èyí tó tún le ni pé ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é, kó tó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú àkójọ kò ní rí i. Bó bá ṣe pé orí lẹ́tà nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé, Swift ì bá gba ife-ẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n ta ló máa kà á lẹ́yìn mi? Olùkọ́ kan ní Òmùò ni, ẹni tó ti gbà láti máa fi ọ̀rọ̀ kún un nígbà tí mo bá lọ sìnrú ìlú. Fóònù Android ni kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iná kì í dúró, dátà kì í pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni: ẹni méjì nínú àwọn àgbà tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ ti lọ láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ ẹnu wọn nìkan ni mo ti gbọ́. Mo wá fi àkójọ náà sílẹ̀ bí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ̀rọ yòówù lè ṣí. Python ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó ń sọ gbogbo ẹ́ di oríṣi kan ṣoṣo, torí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ní ẹ̀ka wa ń kọ́ ọ. Ojú ìwé tí fóònù ń ṣí láìlo dátà jẹ́ HTML àti JavaScript díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni. Mo gbà fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Hopper. Ní òpin 1966, nígbà tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ ogun ojú omi ní kó lọ sinmi. Kò pé ọdún kan, ní oṣù Kẹjọ 1967, wọ́n pè é padà fún oṣù mẹ́fà. COBOL ti ya ẹ̀ka-èdè: iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi tirẹ̀ kún un, ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbí kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún mọ́. Iṣẹ́ Hopper ni láti mú gbogbo wọn padà sórí COBOL àjùmọ̀lò kan, pẹ̀lú ìdánwò tí ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yege. Èmi tí mò ń ṣa ọ̀rọ̀ Òmùò jọ kí Yorùbá àjùmọ̀lò tó gbé e mì, ọkàn méjì ni mo fi ka apá yìí. Ohun tó tù mí nínú ni pé kò sí ọmọ kankan tí ìyá rẹ̀ fi COBOL ti Burroughs rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Oṣù mẹ́fà náà di nǹkan bí ọdún 19. Ní 1969 ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ọkùnrin ọdún náà. Ó jọ pé kò tíì wá sí wọn lọ́kàn pé obìnrin lè gbà á. Ó ń káàkiri láti sọ̀rọ̀, pẹ̀lú wáyà kéékèèké lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè rìn jìnnà tó nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Bí ọ̀gágun kan bá béèrè ìdí tí iṣẹ́ tí a fi rán sátẹ́láìtì fi ń pẹ́, á fún un ní wáyà kan, á ní kó wo iye irú rẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ àti òkè ọ̀hún. Aago ọ́fíìsì rẹ̀ ń yí sẹ́yìn, ó sì ń sọ aago tó tọ́, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i pé àṣà lásán ni bí aago yòókù ṣe ń yí.

Ní 1985 ó di ọ̀gágun àgbà, rear admiral, nínú ọmọ ogun ojú omi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1986 ó fẹ̀yìn tì nínú ọkọ̀ ojú omi USS Constitution ní Boston, ẹni ọdún 79. Iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Digital gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú sí Arlington, ní Virginia, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1992, ẹni ọdún 85, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ààrẹ Obama fi àmì-ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom dá a lọ́lá ní 2016.

Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey jáde síta, ó bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ COBOL kó wá ran ìjọba lọ́wọ́, torí ètò tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́ ti lé ní 40 ọdún, ẹrù sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn kan fi COBOL ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tó jẹ́ ìpè náà.

Ní ti àkójọ ọ̀rọ̀ Òmùò, àlàyé tí mo fi sí iwájú rẹ̀ gùn ju ètò inú rẹ̀ lọ. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí olùkọ́ náà ló máa kà á.